Ọmọ mi kì í kúrò nídìí àlùwàlá: ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni, àbí àìsàn?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta nípa ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 13 tó wà ní JSS 2. Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ náà ní Kàmọ́rù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà ààwẹ̀ èṣí ni Kàmọ́rù ti ń pẹ́ nídìí àlùwàlá. Bútà omi kan kì í tó o mọ́. Á fọ ọwọ́, á fọ ojú, á dé ibi ẹsẹ̀, á ní òun ò rántí bóyá omi kan ìgunpá òun, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Bó bá dé orí ẹní, á ní “Allāhu Akbar”, á dúró, á tún un sọ, torí ó ní àníyàn òun, ìyẹn ìpinnu ọkàn láti kírun, ò tíì dúró dáadáa. Ó ti ń pẹ́ dé ilé ìwé nítorí ìrun àsùbáà. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti nà án. Àfáà ní wáswásì ni, ìyẹn iyèméjì tí èṣù ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn, ó fún un ní hàǹtú mu. Àbúrò bàbá ní ayé ló ń ṣe é.

Ìyá náà wá ní: “Gbogbo ìgbà ló ń bi mí pé, ‘Màámi, ṣé àlùwàlá mi ò tíì bàjẹ́?’ Mo máa ń ní kò bàjẹ́, á ní kí n búra. Ṣé orí ọmọ mi ti ń dàrú ni? Ṣé kí n ní kó má kírun mọ́? Ẹnì kan ní ká gbé e lọ sí Aró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí wa níbẹ̀, ta ni yóò fọmọ fún un fẹ́ lọ́la?”

Ìyá Kàmọ́rù, ẹ kú àfaradà. Orí ọmọ yín kò dàrú. Ẹnikẹ́ni kò lè fi lẹ́tà yẹ aláìsàn wò, dókítà tó bá fojú kàn án ló lè sọ pé báyìí ni, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí jọ àìsàn kan tí àwa tó ń tọ́jú ọmọdé mọ̀ dáadáa, OCD (obsessive-compulsive disorder) ni wọ́n ń pè é, àìsàn èrò tí kì í lọ àti àṣetúnṣe. Ó ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà sì máa ń ràn ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ju gbogbo ìyókù lọ, yóò sì dùn yín díẹ̀: “kò bàjẹ́, ọmọ mi” tí ẹ ń fi ìfẹ́ sọ fún un yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àìsàn náà lọ. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣe é. Èrò kan á ṣàdédé wọ ọmọ náà lọ́kàn: “Bóyá omi ò kan ìgunpá mi o.” Irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sọ́kàn gbogbo wa, ta ni kò tíì dé ìdí mọ́tò kó tún padà lọ wò ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn? Tiwa máa ń kọjá. Ti Kàmọ́rù kì í kọjá. Àyà rẹ̀ á máa já, á dà bí ẹni pé ohun burúkú kan ń bọ̀ àfi tí òun bá tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ara tù ú. Ara títù yẹn gan-an ni wàhálà, torí ọpọlọ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, pé fífọ̀ ló gba òun lọ́wọ́ ewu. Bí èrò náà bá tún dé, á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ò sì ní tó o mọ́. Bí ẹni ń họ ìfọ́n ni: bó ṣe ń dùn ún họ náà ló ń di egbò.

Ẹgba ò lè wo èyí sàn. Ẹgba lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò lè dá èrò dúró. Ẹ̀rù ló ń gbé àìsàn yìí ró, ẹgba sì ń fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù. Ohun tí mo sábà máa ń rí nílé tí wọ́n ti ń nà ọmọ sí i ni pé ọmọ náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kọ̀rọ̀. Á dúró dìgbà tí ilé bá sùn, kó tó wọ balùwẹ̀. Tàbí kó gbé gbogbo rẹ̀ wọ inú orí lọ, kó máa kà á lọ́kàn, kó máa tún àdúrà gbà, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i, títí ilé á fi rò pé ó ti sàn. Bàbá Kàmọ́rù ò burú, ọ̀rọ̀ ló tojú sú u. Ẹ sáà bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe oríkunkun. Bó bá jẹ́ pé Kàmọ́rù lè dáwọ́ rẹ̀ dúró nírọ̀rùn, ì bá ti dáwọ́ dúró kí ọwọ́ rẹ̀ tó máa ṣẹ̀jẹ̀.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, láti 1 dé 3 ló máa ń ní in. Ó sábà máa ń yọjú ní nǹkan bí ọmọ ọdún 10, àwọn ọkùnrin sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ju àwọn obìnrin lọ. Ó máa ń wà nínú ẹbí. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wádìí, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan wà lọ́tùn-ún tàbí lósì tí kì í lè sùn bí kò bá tíì lọ wo gáàsì lẹ́ẹ̀mẹrin, tí gbogbo ènìyàn kàn ń pè ní aláfínjú. Àwọn ọ̀nà kan wà tó so iwájú ọpọlọ mọ́ àárín rẹ̀, tó yẹ kó máa sọ fún wa pé “ó ti parí, ó tó”. Nínú àìsàn yìí, wọn kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ ò ṣe nǹkan kan sí i nígbà tó wà nínú oyún. Ayé kọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọmọ bá ń ṣe léraléra ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ kékeré tó ní àfi kí ẹ sọ àlọ́ kan náà kí òun tó sùn, kò ní àìsàn. Ọmọ tó ń ṣẹ́jú gìrìgìrì tàbí tó ń mi èjìká, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Èyí tó ń tẹ fóònù dé òru, ó ń gbádùn ohun tó ń ṣe, ó kéré tán níbẹ̀rẹ̀. Kàmọ́rù ò gbádùn ọ̀kankan níbẹ̀. Ohun tí àwa máa ń wò ni bí àṣetúnṣe náà bá ń gba ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tàbí tó bá ti ń da ẹ̀kọ́, oorun àti eré ọmọ rú, tó sì ń ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ lára. Nínú lẹ́tà yín, gbogbo rẹ̀ ló pé.

Ọ̀rọ̀ wáswásì wá kù. N kò ní bá àfáà yín jà. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ti mọ nǹkan yìí tipẹ́; Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní ọdún 934, ti kọ̀wé nípa èrò tí kì í jẹ́ kí ènìyàn simi àti bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀, ó sì kà á kún àìsàn ọkàn gẹ́gẹ́ bí ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù. Orúkọ tí àfáà pè é kò dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ kò sì sí lẹ́yìn ohun tí àìsàn yìí ń gbé Kàmọ́rù ṣe. Fífọ oríkèé kọ̀ọ̀kan kì í kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta. Mudd omi kan ni wọ́n gbà wá pé Ànábì máa fi ń ṣe àlùwàlá, ìyẹn ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àgbàlagbà lè bù, kò sún mọ́ iye tí Kàmọ́rù ń lò rárá. Ẹni tó sì wà lórí ìrun tó ń ṣiyèméjì bóyá òun só, wọ́n ní kó má kúrò níbẹ̀ àyàfi tó bá gbọ́ ìró tàbí òórùn.

Àmọ́ ẹ wò ó, ó ṣeé ṣe kí Kàmọ́rù ka gbogbo èyí fún yín láì wòwé. Ìmọ̀ kọ́ ló ṣaláìní. Ìdí rèé tí wáàsí nìkan ò fi ń wo àìsàn yìí. Bí àfáà bá ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Bó bá ń lọ bá àfáà lójoojúmọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, àfáà náà ti di ara àìsàn nìyẹn, láìmọ̀.

Ẹ má ní kó má kírun mọ́. Ohun tí ọkàn ènìyàn bá kà sí jù ni àìsàn yìí máa ń dì mú. Mo ti rí ọmọ Kristẹni tí kì í lè ṣe “Àmín” kó parí, torí ó ní èrò burúkú kan gba ọkàn òun kọjá nígbà tí òun ń dárúkọ Jésù, àfi kí òun tún gbogbo àdúrà náà gbà. Ti ẹlòmíì, kòkòrò àìsàn tó wà lára owó ni. Ti ẹlòmíì, kí àtẹ̀gùn tí òun gùn má jẹ́ iye tí kò bára mu. Bí ẹ bá gba ìrun lọ́wọ́ Kàmọ́rù, àìsàn náà á wá ibòmíì jókòó sí, ẹ ó sì ti gba ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀ lásán.

Nǹkan kan wà tí kò sí nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn ọmọ tó bá ti ń bàlágà sábà máa ń fi ìdajì àìsàn yìí pa mọ́. Fífọ ọwọ́ ni ilé ń rí. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ èrò tó ń tì í lójú: pé òun bú Ọlọ́run lọ́kàn, pé òun á ṣàdédé gún àbúrò òun lọ́bẹ, pé àwòrán ìhòòhò ń yọ sí òun lójú lórí ẹní ìrun. Ọmọ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń dẹ́rù bà kì í ṣe ọmọ burúkú, ìdí tó fi ń bẹ̀rù rẹ̀ ni pé kò bá ìwà rẹ̀ mu. Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn méjì, Rachman àti de Silva, ní ìlú London bi àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá léèrè bóyá irú èrò báyìí máa ń wá sọ́kàn wọn. Bí 8 nínú 10 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má fipá wá a lẹ́nu Kàmọ́rù. Ẹ lè sọ fún un, nígbà tí ẹ bá jọ wà lẹ́yìn ilé, tí ẹ ò kọjú síra yín, bóyá níbi tí ẹ ti jọ ń ṣa ẹ̀fọ́, pé èrò tó ń bani lẹ́rù máa ń wá sọ́kàn ọmọ ènìyàn láìpè, àti pé bó bá ní irú rẹ̀, kò sí èyí tó lè sọ fún dókítà tí yóò ya dókítà lẹ́nu. Kí ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìbéèrè rẹ̀. “Màámi, ṣé àlùwàlá mi ò tíì bàjẹ́?” Ẹ dáhùn, ara tù ú, bí ara ṣe máa ń tù ú tó bá fọ ọwọ́. Ohun kan náà ni wọ́n. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà, á ní bóyá Màámi ò gbọ́ mi dáadáa, bóyá wọ́n kàn fẹ́ kí n dákẹ́. Ìyẹn ló bí ìbúra. Bí ẹ bá búra lónìí, Al-Kùránì ni yóò ní kí ẹ gbé lọ́wọ́ lọ́la. Iyèméjì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìdáhùn lè parí. Bí ẹ ṣe ń dá a lóhùn tó ni ìbéèrè ń pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí ẹ ń bá a pọn kún bútà, àti bí gbogbo ilé ṣe ń jí ṣáájú àsùbáà kó lè ráyè bẹ̀rẹ̀ tètè.

Ẹ má ṣe dá gbogbo rẹ̀ dúró lójijì láìsọ fún un, ìkà ni yóò rí lójú rẹ̀. Ẹ pè é jókòó nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kì í ṣe nídìí omi. Ẹ sọ fún un pé àìsàn kan ló ń béèrè ìbéèrè yẹn, kì í ṣe òun, àti pé ẹ̀yin àti òun ni yóò jọ kọjú ìjà sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi ìbúra sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ẹ jọ fẹnu kò: tó bá béèrè, ẹ ó dáhùn ẹ̀ẹ̀kan, ó tán. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ kò ní dáhùn mọ́. Ẹ lè sọ pé: “Ìbéèrè àìsàn yẹn nìyẹn, Kàmọ́rù. Mo rí i pé ó ń dẹ́rù bà ọ́. Mi ò ní dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo wà pẹ̀lú ẹ.” Kí ohùn yín rọ̀. Yóò bínú, yóò sunkún, ó lè ní ẹ ò fẹ́ràn òun mọ́. Àwọn ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń tẹ̀ bá ọmọ. Kí bàbá, ìyá àgbà àti ẹ̀gbọ́n má máa dáhùn lẹ́yìn yín o. Bí ẹnì kan bá kù tó ń dáhùn, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni yóò máa lọ.

Ìtọ́jú tí dókítà tàbí sàìkọ́lọ́jísìtì yóò ṣe fún un, ohun kan náà yìí ni wọ́n ṣe létòlétò. Wọn yóò bá a kọ gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le jù. Wọn yóò mú èyí tó rọrùn: kó fọ ọwọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan péré, kó fi iyèméjì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lọ kírun. Ẹ̀rù á kọ́kọ́ ga. Bí kò bá padà lọ fọ ọ́, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ẹ̀rù náà ń rọlẹ̀ láì jẹ́ pé òun ṣe nǹkan kan, àti pé kódà bí kò bá rọlẹ̀ kíá, òun lè gbé e dání kírun. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí àfáà yín bá gbà láti bá dókítà ṣiṣẹ́, inú mi á dùn sí i. Kó sọ lẹ́ẹ̀kan, lójú gbogbo ilé, pé ẹni tó ní irú àìsàn yìí kí ó má ka iyèméjì rẹ̀ sí, ìrun rẹ̀ sì dára. Kó má tún un sọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín wọn omi sínú ìgò fún un. Àwọn ọmọ wà tó jẹ́ pé omi wíwọ̀n náà ló di àṣetúnṣe tuntun.

Kí ọdún 1966 tó dé, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí àìsàn yìí. Ọdún yẹn ni Victor Meyer, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní London, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn méjì tí àwọn nọ́ọ̀sì dúró tì kí wọ́n má lè ṣe àṣetúnṣe wọn, tí ara wọn sì yá. Ní 2004, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 12 ṣe pẹ̀lú ọmọ 112, láti ọmọ ọdún 7 dé 17. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní ìtọ́jú yìí pọ̀ mọ́ oògùn sertraline, bí 54 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára wọn. Ìtọ́jú yìí nìkan, 39. Oògùn nìkan, 21. Àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní agbára kankan nínú, kí wọ́n lè fi wéra, kò pé 4. Bí wọ́n bá kọ oògùn nìkan fún yín, ẹ béèrè èyí tó kù.

Oògùn náà kì í ṣe oògùn oorun. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kó tó fi agbára rẹ̀ hàn, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé kò ṣiṣẹ́. Inú lè máa rú u ní ìbẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ lè má balẹ̀. Láti 2004 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé nínú ọmọdé àti ọ̀dọ́, irú oògùn yìí lè mú kí èrò ikú wá sọ́kàn àwọn díẹ̀, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ọ dáadáa ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ má sì gba diazepam, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, kò wo àìsàn yìí.

Ní ti Aró, mo mọ ohun tí orúkọ yẹn ń ṣe létí ènìyàn, pàápàá ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ìlú yín, dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ó sì fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Ìyẹn ni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, inú àwùjọ ni wọ́n ti ń tọ́jú ènìyàn. Wọ́n ní ẹ̀ka tó jẹ́ ti ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Irú àìsàn Kàmọ́rù, ẹ ó lọ, ẹ ó padà sílé lọ́jọ́ kan náà ni. Bí ojú ará àdúgbò bá wúwo fún yín, ẹ gba UCH ní Ìbàdàn lọ, wọ́n ní dókítà ọpọlọ tó ń rí ọmọdé. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 ló ní kí ilé ìwòsàn pa àṣírí aláìsàn mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tí ẹ sọ, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí kò lè kúrò ní balùwẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni kò ní rí ìyàwó fẹ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní kí ẹ dúró de ọjọ́ àdéhùn. Bó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, bí kò bá jẹun tàbí mu omi mọ́ torí ẹ̀rù, bó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹ̀yin ò gbọ́, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán kan òru kan ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀fun ti dùn ún tí ibà sì ṣe é, ẹ rí i pé ẹ sọ fún dókítà, torí ó ní irú èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Ti Kàmọ́rù kò jọ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ní ó wọlé.

Ọwọ́ rẹ̀ yẹn, ẹ máa fi òrí pa á lálẹ́ kó tó sùn. Ẹ lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, ẹnì kan péré, ẹ sọ pé ara rẹ̀ ò yá, pé ó ń gba ìtọ́jú, kí wọ́n yéé fi ìyà pípẹ́ dé jẹ ẹ́. Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tó wọ ìdí omi, ìgbà tó jáde, ìrun wo ló le jù, iye ìgbà tó bi yín ní ìbéèrè. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ṣe ní ìgbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, torí dókítà máa béèrè. Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́ o; bó bá mọ̀ pé ẹ ń kà á, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.